Ọkùnrin Tó Jẹ́ Kí Fíìmù Dé Òpin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kí ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó àti orin, ẹ forí jì mí. Ti àwọn méjì yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú híítà tó kú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí ìdí ẹ̀rọ mìíràn tí kò kú rárá.

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà kò tóbi ju yàrá kan lọ. Màṣíìnì méjì ló wà níbẹ̀, áyọ́ọ̀nù kan, dígí gígùn kan tí etí rẹ̀ ti sán, àti ọ̀pá gbọọrọ tí ṣòkòtò àwọn oníbàárà so rọ̀ sí. Títún aṣọ ṣe ni iṣẹ́ obìnrin tó ni ín. Tó o bá sanra, á fẹ aṣọ rẹ, tó o bá rù, á gbà á wọlé, kò sì ní bi ọ́ ohun tó fà á. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Kò lọ́kọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá òun sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí òtútù dé lọ́dún yẹn, híítà ara ògiri ṣọ́ọ̀bù náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìka aránṣọ kò mọ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìgbálẹ̀ mọ́. Ó fi fóònù pe ẹni tí wọ́n ní kó pè. Ọkùnrin kan dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, ó bọ́ fìlà kó tó kí i. Olóoru ni gbogbo òpópónà yẹn ń pè é, nítorí òun ló ń tún híítà wọn ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó gbé etí lé ara híítà náà bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí.

"Kó tó dákẹ́, ṣé ó wúkọ́?" ó béèrè.

"Ó wúkọ́."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ó mi orí bíi dókítà. "Kò tíì kú. Ó kàn ṣàárẹ̀ ni."

Aránṣọ fi ìborùn bo ẹnu kó má baà rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín. Wákàtí kan kò pé tí ṣọ́ọ̀bù náà fi tún móoru.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ọkùnrin náà padà wá yẹ híítà wò. Híítà wà digbí. Ọ̀sẹ̀ kan sí i, ó tún dé, ó tún gbé etí lé e. Nígbà tó di ìgbà kẹrin, aránṣọ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ló ń ṣe híítà yìí gan-an?"

Olóoru wo ilẹ̀, ó wo òrùlé. "Kò sí nǹkan tó ń ṣe híítà," ó ní. "Èmi ni nǹkan ń ṣe."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tí kì í purọ́ ni, kódà níbi tí irọ́ kékeré ì bá ti gbà á sílẹ̀. Nígbà tí aránṣọ bi í bóyá aṣọ tuntun tóun rán fún ara òun bá òun mu, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní apá òsì gùn ju apá ọ̀tún lọ díẹ̀. Aránṣọ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni. Inú bí i fún ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta ó rí i pé òun ti fẹ́ràn ọkùnrin náà kọjá ibi téèyàn ti ń padà sẹ́yìn. Kí ọdún tó yí po, Olóoru ti sọ pé òun fẹ́ fi í ṣaya.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé bàbá rẹ̀ fún yín, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bàbá fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó bọ̀wọ̀ fún bí aago. Ní ìsinmi ìgbà òtútù, tí yìnyín bá ti bo ojú fèrèsé, fíìmù kan ni wọ́n máa ń wò lójúmọ́ nílé yẹn fún ọjọ́ méje gbáko, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ géérégé. Ìyá ló ń yan fíìmù. Ó máa ń ra kásẹ́ẹ̀tì àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibùdókọ̀, á wá tò wọ́n sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ṣùgbọ́n fíìmù tó bá ti fẹ́ pààyàn tàbí kó tú tọkọtaya ká kì í dé òpin nínú ilé náà. Ohun tó fà á nìyí. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ, ọkùnrin, ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, ó kú ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni aránṣọ nígbà náà. Ní ìgbà òtútù ọdún yẹn, wọ́n gbìyànjú láti wo fíìmù kan bí ìṣe wọn, àfi bí ọmọkùnrin inú fíìmù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ìyá dìde, ó tẹ bọ́tìnnì, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí ọkọ àti ọmọ rẹ̀.

"Ìbànújẹ́ tó wà nínú ilé yìí ti tó wa," ó ní. "A ò ní pe ti àjèjì wọlé kún un. Ẹ jókòó. Ó ku díẹ̀, èmi ni màá parí ẹ̀."

Ó sì fi ẹnu parí rẹ̀ lóòótọ́. Ara ọmọ náà yá, ó sì bá ìyá rẹ̀ jà nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti ń gba òpin fíìmù lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Atukọ̀ kan wà nínú fíìmù tí wọ́n ń wò lọ́dọọdún, tí ìjì líle kọ lu ọkọ̀ rẹ̀ lójú òkun. Lẹ́nu Ìyá, ọkùnrin náà lúwẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó gúnlẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó rìn dé ilé, ó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ṣé oúnjẹ kù?" Bàbá a máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, lọ́dọọdún, bíi pé kò gbọ́ ọ rí.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí òtútù tó dé, kò jí mọ́. Láti ìgbà náà, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń tẹ bọ́tìnnì. Ó mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń dá gbogbo wọn dúró sí. Á dìde, á tẹ̀ ẹ́, á padà jókòó, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ̀rọ̀. Oníkálukú á máa gbọ́ ohùn Ìyá nínú ara rẹ̀. Tó bá tó ìṣẹ́jú márùn-ún, Bàbá á ní, "Ó parí," wọ́n á mu tíì. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ìyá rà á ní ọ̀sẹ̀ tó kú, ó sì wà nínú bébà rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ohun tó fi pẹ́ńsùlù kọ sí i: *Ti ọdún yìí.*

Aránṣọ sọ fún Olóoru pé òun fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òun kò ní tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé Bàbá fọwọ́ sí i. Òun nìkan ló kù fún bàbá òun láyé, ó ní, òun kò lè fi ẹkún rẹ̀ kọ́ ilé tòun. Olóoru ní ìyẹn tọ́. Kí aránṣọ tó mú un lọ sílé nínú ìsinmi, ó kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀: kó má pẹ́, kó má bá Bàbá jiyàn lórí ọkọ̀ ojú irin, kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ti fíìmù kò wá sí i lọ́kàn rárá. Ohun téèyàn bá bá dàgbà, kì í mọ̀ pé ohun ìyanu ni lójú ẹlòmíràn.

Olóoru dé ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàbá wo aago, ó tújú ká. Àbúrò Bàbá obìnrin wà níbẹ̀, Àǹtí ni aránṣọ ń pè é, obìnrin kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun ló ń bu tíì. Bàbá béèrè ọ̀rọ̀ lórí híítà, ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì, Àǹtí sì ń já aránṣọ léèékánná lábẹ́ tábìlì pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n fi fíìmù atukọ̀ sí i. Ìjì dé. Bàbá dìde, ó tẹ bọ́tìnnì, ó padà jókòó.

Ẹ bá mi fi ojú àlejò wò ó. Tẹlifíṣọ̀n ṣàdédé dúdú. Bàbá arúgbó tẹ orí ba. Obìnrin méjì ń wolẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Kí ni ẹ̀yin náà ì bá rò? Olóoru rò pé ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́ lójú àlejò, pé ojú ló ń tì wọ́n. Aránṣọ kò sí nítòsí, ó ti lọ jìnnà, ó ń bá atukọ̀ lúwẹ̀ẹ́ nínú ohùn ìyá rẹ̀. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, olólùfẹ́ rẹ̀ ti kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ó ti gbé etí lé e.

"Kò bàjẹ́ o," Olóoru sọ tayọ̀tayọ̀. "Ó kàn dúró ni." Ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Fíìmù ń lọ. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kò sì sẹ́ni tó lè mira. Ọkọ̀ fọ́ sí méjì. Obìnrin dúró létí òkun títí ilẹ̀ fi ṣú, ohun tí omi gbé wá fún un kò ju fìlà lọ. Orin dún, orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè. Olóoru yíjú padà pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tó ṣiṣẹ́ rere, ó wá rí ojú wọn.

Bàbá kò pariwo, ì bá sàn ká ní ó pariwo. "Ọdún mọ́kànlélógún ni ọkùnrin yẹn ti ń padà sílé nínú ilé yìí," ó ní. "Òní ló kú." Ó dìde, ó lọ sí yàrá rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró. "Ẹni tí ò mọ ohun tó bàjẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó ń sinmi, mi ò lè fi ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún mi lé e lọ́wọ́."

Bí ẹ bá rí aránṣọ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àánú rẹ̀ á ṣe yín. Ó ń gé ṣòkòtò ní ibi tí kò yẹ. Olóoru ní òun lòun jẹ̀bi, òun lòun fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Aránṣọ ní òun lòun jẹ̀bi, òun kò kìlọ̀ fún un. Wọ́n fi ẹ̀bi náà ṣe bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn títí ó fi sú àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ kan aránṣọ ní kí àwọn kàn lọ fọwọ́ síwèé lọ́dọ̀ ìjọba, kí Bàbá gbọ́ ọ lẹ́yìn.

"Ṣé inú ẹ á dùn?" Olóoru bi í.

Aránṣọ mú sísọ́ọ̀sì, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Nígbà náà, a máa dúró," Olóoru ní. "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ó sì dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n lóru ọkàn aránṣọ kì í dúró. Ó ń rò pé bóyá ó máa sú Olóoru, bóyá ó máa rí ẹlòmíràn tí bàbá rẹ̀ kò le tó báyìí. Ó ń rò ó nígbà mìíràn pé bóyá òun ni kò nífẹ̀ẹ́ tó, tóun ń fi bàbá bojú. Àǹtí ni kò jẹ́ kó rì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ó ní, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe alárinà láìsẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, á ti ilé Bàbá dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, á tún padà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nínú báàgì.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Bàbá rán sí Olóoru le. Ó ní kí wọ́n bi í bóyá ó lè jí atukọ̀ náà dìde. Olóoru ronú títí tíì rẹ̀ fi tutù.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò lè ṣe é," ó ní. "Ohun tó bá ti lọ, mi kì í purọ́ fún oníbàárà pé màá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé ó dùn mí, àti pé mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe padà sílé."

Àǹtí jíṣẹ́. Bàbá rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. "Ó kéré tán, kì í purọ́," ó ní. Àǹtí fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ṣọ́ọ̀bù láti wá sọ ọ́.

Àmọ́ oṣù ń gorí oṣù, Bàbá kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí òtútù tún kù sí dẹ̀dẹ̀, sùúrù Àǹtí tán. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ ohun tí kò sẹ́ni tó láyà láti sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó yín ò kọ́ wa pé ká dákẹ́. Ó kọ́ wa pé ká parí ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ìdákẹ́jẹ́ẹ́."

Bàbá dìde, ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí ọkùnrin náà máa bọ̀ nínú ìsinmi. Kó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, jìnnà sí ẹ̀rọ, kó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan, níbi tí òun á ti máa rí i.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó, bí ọmọ ilé ìwé tó dẹ́ṣẹ̀. Aago mẹ́rin lù. Bàbá na ọwọ́ sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kò mú ti atukọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì inú bébà ló mú. Ó tú u díẹ̀díẹ̀ kí bébà náà má baà ya, ó ká a, ó fi í sínú àpò àyà rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ló wà nínú fíìmù náà, tó bá bàbá rẹ̀ jà, tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú mìíràn. Ọdún púpọ̀ kọjá. Lẹ́tà dé pé ara bàbá kò yá. Ọmọ náà wọ ọkọ̀ padà, ṣùgbọ́n yìnyín dí ojú irin mọ́ ọn, bàbá sì wà lórí ibùsùn, ó ń wo ilẹ̀kùn. Aránṣọ rí i tí Bàbá fi ọwọ́ di àga mú. Ó dìde díẹ̀, ó jókòó, ó tún dìde. Kò sẹ́ni tó fi ibi tó yẹ kó tẹ bọ́tìnnì hàn án. Ẹni tó mọ̀ ti lọ. Ó ń wo yàrá náà kiri bí awakọ̀ tí kò rí iná atọ́nà mọ́.

Aránṣọ kò mọ ìgbà tó dìde. Òun ló tẹ bọ́tìnnì. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí wọn. Kò parí fíìmù kankan rí láyé rẹ̀.

"Ó ku díẹ̀," ó ní. "Èmi ni màá parí ẹ̀."

Bàbá gbé orí sókè.

"Yìnyín dí ojú irin," aránṣọ bẹ̀rẹ̀, "àmọ́ awakọ̀ náà mọṣẹ́. Ó mú ṣọ́bìrì, ó sọ̀ kalẹ̀."

"Awakọ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀," Bàbá kùn wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ní àwọn tó ń ṣèyẹn."

"Tèmi sọ̀ kalẹ̀. Ó ko yìnyín kúrò, ọkọ̀ sì wọ ibùdókọ̀ ní aago mẹ́rin géérégé." Bàbá mi orí, ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Ọmọ náà kò dá wá. Ọkùnrin kan bá a bọ̀, tó gbé àpótí irinṣẹ́ dání. Híítà inú ọkọ̀ ti kú lójú ọ̀nà, òun ló tún un ṣe tí gbogbo èrò fi délé láàyè. Wọ́n rìn nínú yìnyín. Nígbà tí wọ́n dé ilé, bàbá kò sí lórí ibùsùn mọ́. Ó ti dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà, tó ti ba nǹkan jẹ́ rí nínú ilé yẹn láìmọ̀. Yìnyín ń bọ́ lé àwọn méjèèjì lórí. Bàbá náà la ẹnu, ó ní..."

Ó yíjú sí Bàbá.

"Ó ní kí ni?" Àǹtí béèrè, kò lè mú un mọ́ra.

"Mi ò mọ̀," aránṣọ ní. "Òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ọ́."

Ó mọ̀ pé bí Bàbá bá dìde báyìí, tó gba ọ̀nà yàrá rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò ní sí ọ̀nà mìíràn. Ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, Olóoru fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò rẹ̀ mú níbi itan. Bàbá wo tẹlifíṣọ̀n tó dúdú. Ó fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀, níbi tí bébà wà.

"Ó ní..." Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Ó ní, 'Ẹ wọlé, ẹ̀yin méjèèjì. Oúnjẹ ṣì kù.'"

Àǹtí ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, pẹ̀lú gbogbo ẹnu tó ní. Aránṣọ ti wà lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀, ó gbé orí lé e lórúnkún, Bàbá sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Nígbà tó nu ojú tán, ó kọjú sí fèrèsé.

"Ìwọ, Olóoru."

"Ẹ̀yin ni mò ń gbọ́, sà."

"Gbé ọwọ́ kúrò lórí itan. Lọ tẹ̀ ẹ́. Tiwa ti parí, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe parí tiwọn."

Olóoru wo aránṣọ ná. Aránṣọ mi orí fún un pé kó lọ. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, àṣà sì mú un, ó gbé etí lé e kó tó tẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ó títí dé orúkọ ìkẹyìn. Nínú fíìmù náà, ọmọ pẹ́ dé, ibùsùn ti ṣófo. Kò sẹ́ni tó bojú. Bàbá kàn mi orí, bí èèyàn ṣe ń kẹ́dùn pẹ̀lú ará àdúgbò.

"Wọ́n gbìyànjú," ó ní. "Ṣùgbọ́n tiwa dáa jù."

Nígbà tí yìnyín yọ́, wọ́n ṣègbéyàwó. Aṣọ funfun tí ìyàwó wọ̀, òun ló rán an, apá méjèèjì sì dọ́gba, ọkọ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Aago mẹ́rin géérégé ni wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Bàbá. Bàbá ti ṣáájú wọn kúrò níbi ìgbéyàwó, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń retí ìró ọwọ́. Ọkọ ìyàwó bọ́ fìlà, ó kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí.

"Ṣé oúnjẹ kù?" ó béèrè.